Tarkwa Bay ní Èkó: ìgbà wo ló yẹ ká lọ, ṣé ọmọ tí kò gun ìgbì rí sì lè kọ́ ọ níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ilé. Èmi àti ọkọ mi ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wa lọ sí Tarkwa Bay, etíkun tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó. Ìbejì ni wọ́n, ọmọ ọdún 11 sì ni wọ́n. Láti ìgbà tí Táíwò ti rí ìdíje gígun ìgbì nínú Òlíńpíìkì lórí tẹlifíṣọ̀n ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó ní òun náà fẹ́ dúró lórí pákó kí ìgbì gbé òun wá sétí òkun. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí omi kọjá orúnkún òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, oṣù wo ló dára jù? Níbo la ti ń wọ ọkọ̀? Ṣé a lè rí ẹni tó máa kọ́ ọmọ, ṣé omi ibẹ̀ kò sì ní ewu fún ọmọ tó jẹ́ pé inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ló ti kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ètò, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ.

Ojú omi nìkan la ń gbà dé Tarkwa Bay. Àwọn tó bá ń ti Erékùṣù Èkó lọ sábà máa ń wọkọ̀ ní Marina lápá CMS, àwọn tó bá wà ní Victoria Island sì máa ń lọ sí èbúté Tarzan ní òpópónà Ozumba Mbadiwe. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá gbéra, ìrìn náà kì í tó ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí kò bá fún olúkúlùkù yín, títí kan àwọn ọmọ, ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara wọn mu. Èyí tó jẹ́ ti àgbàlagbà yóò bọ́ lọ́rùn ọmọdé bó bá ṣubú sómi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé etíkun yìí kì í ṣe bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá ilẹ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló bí i. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, òkìtì iyanrìn ló dúbúlẹ̀ sábẹ́ omi ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè kọjá. Lójú agbami ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Forcados ni wọ́n máa ń gbé ẹrù Èkó lọ kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ìjọba amúnisìn wá na ògiri òkúta wọ inú òkun, East Mole lápá ìlà-oòrùn, West Mole lápá ìwọ̀-oòrùn, kí omi tó ń ti ọ̀sà jáde lè máa gbá iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà. Kọ̀rọ̀ tí West Mole ṣíji bò ni Tarkwa Bay jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi ń rọ̀, nígbà tí Lighthouse Beach tó wà lódìkejì ògiri, tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé, ń fi ojú gba gbogbo agbára òkun.

Bí ẹ bá sì jókòó lábẹ́ igi àgbọn ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Apapa àti Tin Can Island yóò máa kọjá níwájú yín nítòsí débi pé ẹ ó lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Mi ò rí etíkun mìíràn ní Èkó tó ní irú ìran bẹ́ẹ̀.

Agungbì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹnu òkun yìí ni mo ti ń gun ìgbì, mo sì máa ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ lórí pákó, nítorí náà ohun tí mo ń rí ni màá sọ.

Ìgbì tó dára jù ń wá láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Kì í ṣe òjò tiwa ló ń mú un wá. Àkókò yẹn ni òtútù máa ń mú ìhà gúúsù ayé, tí ìjì líle sì máa ń jà lójú òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, níbi tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà jìnnà sí wa. Ìgbì tí ìjì náà dá sílẹ̀ yóò rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tí kò lágbára yóò kú sọ́nà, àwọn tó kù yóò sì tò tẹ̀lé ara wọn létòlétò, débi pé bí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Irú èyí ni àwa ń wá, nítorí ó ń fún èèyàn láyè láti mí kí òmíràn tó dé.

Afẹ́fẹ́ ló máa ń bà á jẹ́. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́ láti orí òkun, bí ọ̀sán bá sì ti ń pọ́n ni yóò máa fọ́ ojú ìgbì wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ omi tó gún gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú òkun ní òwúrọ̀, ojú ìgbì a sì jọ̀lọ̀, àmọ́ ìgbì náà fúnra rẹ̀ máa ń kéré. Ti omi kò le, kì í tutù débi tí ẹ ó fi nílò aṣọ rọ́bà tí àwọn ará Yúróòpù ń wọ̀; ẹ̀wù alápá gígùn kan tó lẹ̀ mọ́ ara ti tó, nítorí oòrùn, àti nítorí pé pákó máa ń bó àyà àti ikùn ẹni tí kò bá wọ nǹkan kan.

Ẹ má ra pákó o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ìgbì létí òkun níbẹ̀, wọ́n ń yáni, wọ́n sì ń kọ́ni. Èyí tí ẹ ó gbà fún Táíwò ni pákó gígùn tí ojú rẹ̀ jẹ́ fóòmù, tó ga jù ú lọ dáadáa, kì í ṣe èyí kékeré tó mú lẹ́nu tí ó rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Pákó kékeré yá lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè gbé olùbẹ̀rẹ̀ dúró.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Bọ̀ọ̀dá Agungbì, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, àmọ́ ọmọ ọdún 11 là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá nígbà tí ìgbì bá tóbi jù lọ lọ́dún? Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tó súnmọ́ etíkun, mo sì mọ àwọn oṣù tí wọ́n máa ń gbé àwọn ọ̀dọ́ tó mu omi wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ ìwẹ̀.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ti èèyàn, kì í sì í fa èèyàn. Bí ìgbì bá ti gbé omi púpọ̀ wá sétí iyanrìn, omi náà gbọ́dọ̀ padà. Yóò wá ojú kan tó jìn díẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ ṣàn padà sínú òkun pẹ̀lú agbára tí òmùwẹ̀ tó dáńgájíá pàápàá kò lè wẹ̀ lòdì sí. Ojú ibẹ̀ sì máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, nítorí pé níbi tí ìgbì ti ń wó lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ nìkan ni omi yóò ti dà bí ẹni pé ó pa rọ́rọ́, yóò dúdú díẹ̀ tàbí kí ó ru pẹ̀lú iyanrìn, òun náà ni ẹni tí kò mọ̀ yóò sì yàn láti wọ̀. Ẹni tí omi bá fà kò gbọ́dọ̀ bá a jìjàkadì. Kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i, bí agbára bá sì wà, kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí tí yóò fi kúrò lójú ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ní tèmi, kí Ìyá Ìbejì lọ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Kí àwọn ọmọ ṣeré nínú omi, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Pákó lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà.

Agungbì

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa omi tó ń fani padà, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí Táíwò kà á fúnra rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí ọmọ dúró di àgbà. Ẹ jẹ́ ká ya Lighthouse Beach sọ́tọ̀ kúrò lára inú Tarkwa Bay. Ti Lighthouse Beach, mi ò ní gbà kí ọmọ kankan tẹ ẹsẹ̀ bọ omi rẹ̀ lóṣù kankan nínú ọdún: omi ibẹ̀ jìn lójijì, ìgbì a sì máa wó gìrìgìrì sórí iyanrìn gan-an. Nínú kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́? Ìgbì tó ń wọ ibẹ̀ ti kọ́kọ́ yí orí ògiri òkúta po, agbára rẹ̀ sì ti dín kù.

Ẹ wò ó báyìí. Ìgbì máa ń wó nígbà tí jíjìn omi bá kù díẹ̀ kó bá gíga ìgbì náà dọ́gba. Èyí tó ga tó mítà kan yóò wó níbi tí omi kò jìn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìgbì tó ga dé orúnkún ọmọ yóò wó níbi tí omi kò kọjá itan rẹ̀, lẹ́yìn tó bá sì ti wó, fòfó funfun rẹ̀ ni yóò máa ti pákó lọ sí orí iyanrìn. Fòfó yẹn ni olùbẹ̀rẹ̀ ń gùn. Kò sí ẹni tí yóò gbé Táíwò lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti ní kan ilẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú yín pé kí wọ́n má wá ní oṣù keje. Oṣù kọkànlá ni màá yàn fún wọn: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn èrò ọdún Kérésìmesì kò tíì dé, ìgbì kékeré tó mọ́ ṣì máa ń wọlé. Bí wọ́n bá dúró di oṣù kìíní, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá omi tó tẹ́jú bí àwo, kí Táíwò wá jókòó sórí pákó láti àárọ̀ di ọ̀sán láìrí ìgbì gùn.

Àrẹ̀mú ní Cornwall

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti òkè òkun níhìn-ín, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn etíkun bíi Fistral ní Newquay, àwọn aṣọ́mi máa ń ri àsíá: láàárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò ni ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ti ń wẹ̀, láàárín àsíá dúdú-àti-funfun ni ẹni tó ní pákó líle ń lọ, bí wọ́n bá sì ta àsíá pupa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ omi. Ìyá Ìbejì, ẹ má retí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Tarkwa Bay. Ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ ni àsíá wọn. Kí ọ̀kan nínú yín máa wo omi ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, láìwo fóònù.

Nǹkan kan rọrùn lọ́dọ̀ yín ju ọ̀dọ̀ wa lọ o. Níhìn-ín, omi òkun lè fi mítà méje kún tàbí fà láàárín wákàtí mẹ́fà nígbà tí òṣùpá bá lé tán, débi pé etíkun tí o bá ní òwúrọ̀ kì í ṣe òun ni o máa fi sílẹ̀ ní ọ̀sán. Ní Èkó, kíkún àti fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Bí ẹ bá rí ibi tó bá Táíwò mu, ibẹ̀ kò ní yí padà púpọ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo kí yín láti Porto-Novo. Ọ̀rọ̀ ògiri òkúta tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mú wá ni mo fẹ́ bù kún. Ìgbì tó ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bọ̀ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ lu etíkun wa, ó sì ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn láìdúró. Bí ẹnikẹ́ni bá wá na ògiri sójú ọ̀nà iyanrìn yìí, apá ìwọ̀-oòrùn ògiri yóò máa sanra, apá ìlà-oòrùn yóò máa rù. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn: òkun jẹ ilẹ̀ àti ilé àwọn èèyàn lọ lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, ó sì di dandan kí ìjọba tún máa ri ògiri mìíràn láti dá a dúró.

Ìbéèrè mi ni pé, ta ló san owó ẹwà Tarkwa Bay?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Bar Beach, etíkun Victoria Island, ló san án, ọmọ Àjàṣẹ́. Iyanrìn tó yẹ kó dé Victoria Island ló kóra jọ sí Lighthouse Beach, tí etíkun ibẹ̀ fi ń fẹ̀ sí i láti ọjọ́ tí West Mole ti wà. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí ìgbà tí omi Bar Beach máa ń kọjá sórí títì Ahmadu Bello, tí ìjọba yóò tún lọ wa iyanrìn láti fi dí i, tí òkun yóò sì tún gbé e lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island lóru, ó sì gbé èèyàn lọ. Orí ilẹ̀ tí òkun ti jẹ yẹn, àti síwájú sí i, ni wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic sí báyìí, pẹ̀lú ògiri ńlá tirẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní orí West Mole, ẹ ó rí àwọn ilé gogoro rẹ̀ ní òdìkejì omi.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ mi ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fún mi bí mo ṣe ń dáná. Ó wá rántí pé òun gbọ́ nínú ìròyìn nígbà kan pé wọ́n lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò. Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀? Mi ò fẹ́ kó ọmọ lọ síbi tí ìjà wà.

Agungbì

Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni. Àwọn ológun ojú omi wá, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò nílé wọn, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń lu ọ̀pá epo láti jí epo ni. Ẹ rántí pé Atlas Cove wà nítòsí, níbi tí ọkọ̀ ti ń já epo tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀, tí ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ sì ń gbé e lọ sí Mosimi ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èmi ò ní sọ pé kò sí olè epo. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń dín ẹja àti ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kò lu ọ̀pá kankan, ilé wọn ló sì wó.

Àwọn kan ti padà, ìgbé ayé sì ń lọ. Lára àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ni àwọn tó mọ ìgbì náà jù lọ wà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé, ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti yá pákó, kí ẹ sì ra oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn, dípò kí ẹ kó kúlà tó kún fún ohun gbogbo ti Ìbàdàn wá. Ìjà kò sí níbẹ̀ fún àlejò.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹja yíyan ibẹ̀ dára, mo jẹ́rìí sí i. Ìdọ̀tí ni ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Lẹ́yìn òjò ńlá, gbogbo ike àti ọ̀rá tí ọ̀sà bá kó láti inú ìlú ló ń gba ẹnu èbúté jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sún ìrìn àjò yín síwájú, nítorí omi ìdọ̀tí lè kó àrùn ran etí àti ikùn ọmọ. Kí wọ́n wọ bàtà tí wọ́n bá ń rìn lórí iyanrìn, kí ẹ sì mú oògùn tí a fi ń nu ojú egbò dání.

Oṣù kọkànlá tí Bọ̀ọ̀dá Agungbì mú wá, mo fara mọ́ ọn. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pákó, àmọ́ bí àgbàlagbà tó mọ ìwẹ̀ bá dúró ti ọmọ nínú omi náà, tí kì í ṣe pé ó ń wò ó láti abẹ́ agbòjò, mi ò ní jà mọ́.

Àrẹ̀mú ní Cornwall

Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Eré yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn ọmọ etíkun wa. Ní àwọn ọdún 1830, arìnrìn-àjò òyìnbó kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọkùnrin ní Akra tí wọ́n gbé pákó fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ lọ bá ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún padà sétí òkun. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn láti òkè òkun.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí Táíwò fi ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì nílé. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ àyà, kí ó ti ara rẹ̀ sókè, kí ó sì fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀. Kí ó má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó máa wo iwájú. Ibi tí ojú bá lọ ni ara ń tẹ̀ sí. Bó bá dénú omi, ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ni wọ́n máa so okùn pákó mọ́. Bí yóò bá ṣubú, kí ó ṣubú gbalaja bí ẹni tó fẹ́ sùn, kí ó má fi orí sọ omi, kí ó sì fi apá bo orí kí ó tó yọjú, nítorí pákó rẹ̀ kò ní jìnnà sí i. Kí ó má sì jẹ́ kí pákó wà láàárín òun àti ìgbì tó ń bọ̀ láé. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ó máa dì í mú.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Ó ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì báyìí, Kẹ́hìndé sì ń ṣe ìgbì. A ti pinnu: oṣù kọkànlá, ọjọ́ iṣẹ́ nínú ìsinmi kúkúrú, kí èrò má bàa pọ̀. A ó sùn ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí a lè tètè débẹ̀. Bàbá wọn ni yóò dúró nínú omi. Èmi àti Kẹ́hìndé yóò máa ka orúkọ ọkọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó bá wà lórí iyanrìn kíyè sí i pé bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, omi lè kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, kí ó sì ya padà wá lójijì. Ẹ má tẹ́ ẹní sítòsí omi jù. Ti ọkọ̀ ìpadà, ẹ bá awakọ̀ dúnàádúrà lílọ-bíbọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì owó sọ́wọ́ títí yóò fi padà wá gbé yín. Ẹ ní kí ó dé ní aago mẹ́rin, nítorí bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ kò ní ṣú bá yín lójú omi.